Ẹ Ya Àwòrán Kí Ẹ Tó Ṣí Tébù: Wíwá Ìṣeéṣe Pẹ̀lú z

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ẹ péjọ sí Àkúrẹ́ níbí. Ìṣirò standard normal, èyí tí a fi ń wá ìṣeéṣe nínú tébù (àtẹ nọ́ńbà), kò le. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni pé wọ́n ń ka tébù láì mọ ohun tí tébù náà ń wọ̀n.

Kòkó ni ẹ jẹ́ ká fi ṣe é, torí ta ni kò mọ àpò kòkó ní Oǹdó? Ká ní ìwọ̀n àwọn àpò náà tẹ̀lé normal distribution (ọ̀pọ̀ wà nítòsí ìpíndọ́gba, díẹ̀ ló jìnnà sí i lápá méjèèjì), tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ kílò 64, tí standard deviation wọn, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba, sì jẹ́ kílò 2. Kí ni ìṣeéṣe pé àpò kan tí a ṣàdédé fà yọ kò ní tó kílò 61?

Tébù kò mọ kílò, z nìkan ló mọ̀, ìyẹn iye standard deviation tí nǹkan fi jìnnà sí ìpíndọ́gba. Ẹ yọ 64 kúrò nínú 61, ẹ fi 2 pín ohun tó kù: z jẹ́ −1.5. Ẹ wá ya ìlà olókè tó dúró fún normal distribution, tí òdo wà láàárín rẹ̀, tí gbogbo ààyè abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1, ẹ sàmì sí −1.5, kí ẹ kun apá òsì rẹ̀. Ibi tí ẹ kùn kéré, nítorí náà ìdáhùn tó bá ju 0.5 lọ ti ṣìnà.

Oríṣi tébù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń ka gbogbo ààyè abẹ́ ìlà láti òpin òsì títí dé z, 0.9332 ló máa fún yín ní 1.5. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, 0.4332 sì ni tirẹ̀. Láti dá wọn mọ̀, ẹ wo ibi tí z ti jẹ́ 0.00. Bí ẹ bá rí 0.5000, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ 0.0000, ti àárín ni.

Apá méjèèjì ìlà náà dọ́gba, torí náà ohun tó wà lósì −1.5 kò yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́tùn-ún 1.5: 1 − 0.9332 = 0.0668. Lórí tébù kejì, 0.5 − 0.4332, ibì kan náà la dé.

Láàárín kílò 63 àti 67 ńkọ́? z wọn jẹ́ −0.5 àti 1.5. Tébù àkọ́kọ́, níbi tí −0.5 ti jẹ́ 0.3085: 0.9332 − 0.3085 = 0.6247. Ti àárín: 0.1915 + 0.4332, a ní láti rò ó pọ̀ ni, torí ọ̀kan wà lósì òdo, èkejì wà lọ́tùn-ún. Ẹni tó bá rí àmì ìyọkúrò tó sì yára yọ ọ́ máa kọ 0.2417. Àwòrán nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe yìí.

Ibi tó ń rú àwọn àgbà pàápàá lójú ni ìpíndọ́gba àpò 16. Ìṣeéṣe pé àpò kan kò tó kílò 63 jẹ́ 0.3085. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn 16 tí a wá ìpíndọ́gba wọn, 2 kọ́ la ó fi pín mọ́, bí kò ṣe 2 tí a ti fi square root iye àpò pín. Square root 16 jẹ́ 4, 2 pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 0.5. z di −2, ìṣeéṣe sì já wálẹ̀ sí 0.0228, torí àwọn àpò tó wúwo ń dí àlàfo àwọn tó fúyẹ́. Bó bá sì jẹ́ variance, ìyẹn standard deviation tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ni ìbéèrè fún yín, tó kọ 4, ẹ kọ́kọ́ wá square root rẹ̀ kí ẹ tó pín ohunkóhun.