Ṣé Alààyè Ni Àbí Òkú? Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ní Lupus Kọ́kọ́ Bi Elábẹ́rẹ́

Àwọn tí kò ráàyè wá sí ìpàdé àwa tó ní lupus n'Ìbàdàn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, títí kan ìbéèrè tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń ru ẹrù yìí, ẹ kú ìjókòó. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, mo sì ti rí alága tó ń wo aago.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, méjìlá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni lupus fi bá mi gbé. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní Johannesburg, ó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Ẹ mọ̀ pé Gúúsù Áfíríkà kì í gba ará Nàìjíríà wọlé láìsí káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yellow card. Mo lọ gbà á.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò bi mí ní nǹkan kan ju orúkọ àti ọjọ́ orí lọ. Ó mú ìgò kékeré kan, ó fa omi sínú ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀, ó ń rọra yí i lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun yẹn ni mo rí tí ojú mi fi là. Lásìkò náà, prednisolone, oògùn lupus mi, 40 mílígíráàmù ni mò ń gbé mì láràárọ̀, ó sì ti lé ní oṣù méjì. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè tán. Mo ní, "Àbúrò mi, ẹ dúró ná." Ó wojú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mà, ṣé káàdì nìkan lẹ fẹ́ ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tó bi mí. Lójú rẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló wà: kí n gba abẹ́rẹ́ tó lè ṣe mí léṣe, tàbí kí n ra irọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà, ó sì bófin mu. Nítorí ọ̀nà kẹta yẹn ni mo ṣe dúró níwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe wá. Àdúgbò gba ọdẹ kó máa ṣọ́ ilé lóru. Ọdẹ yìí kì í sùn, kì í sì í ṣọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí olè mọ́. Ó ń yìnbọn lu ilẹ̀kùn, ó ń yìnbọn lu fèrèsé: lu oríkèé, lu awọ ara, lu kíndìnrín. Lupus nìyẹn. Làkúrègbé tí òyìnbó ń pè ní rheumatoid arthritis, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Oògùn tí dókítà ń fún wa ń gba ọta lọ́wọ́ ọdẹ náà. Ilé á rọ̀, onílé á sùn. Ṣùgbọ́n bí olè gidi bá fo ògiri lóru ọjọ́ náà ńkọ́? Ìdí nìyí tí òtútù àyà àti àwọn àrùn àkóràn mìíràn fi wà lára ohun tó ń pa àwa tó ní lupus jù.

Ìdí nìyí náà tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń polówó àgbo lórí rédíò pé ó ń gbé àjẹsára ara sókè. Ta ló ń fún ọdẹ tó ń yìnbọn lu onílé ní ọta kún ọta? Ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọ̀nà méjì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbà fi olè han ọdẹ. Nínú èkíní, wọ́n á gbé òkú olè, tàbí fìlà rẹ̀ lásán, wá fún un: "Wò ó dáadáa. Bí o bá rí irú rẹ̀, mú un." Òkú kò lè jí. Abẹ́rẹ́ òtútù àyà tí wọ́n ń pè ní pneumococcal, Hepatitis B, tẹ́tánọ́ọ̀sì, HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ń gbà, fúlù tí wọ́n ń gún sápá, kò sí alààyè nínú wọn. Èyí tí a gbà nígbà COVID náà, kò sí ohun tó lè máa bí sí i lára wa nínú rẹ̀. Ohun tí oògùn wa lè ṣe sí irú àwọn abẹ́rẹ́ yìí ni kí ọdẹ máa tòògbé nígbà tí wọ́n ń fi olè hàn án, kó má fi bẹ́ẹ̀ rántí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí irú wa gba àfikún.

Nínú èkejì, wọ́n á mú olè fúnra rẹ̀ láàyè, wọ́n á yọ eyín rẹ̀, wọ́n á dè é lókùn, wọ́n á sì jù ú sínú ọgbà kí ọdẹ fi kọ́ṣẹ́. Ọdẹ tó lọ́ta lọ́wọ́ á ṣẹ́gun rẹ̀, kò sì ní gbàgbé ojú rẹ̀. Ọdẹ tí wọ́n ti gba ọta lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Okùn lè tú. BCG tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ife, polio àti rotavirus (ti ìgbẹ́ gbuuru) tí wọ́n ń kán sẹ́nu, measles, àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: alààyè ni gbogbo wọn.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí àgbàlá wa ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1925, Rockefeller Foundation gbé ibùdó ìwádìí kalẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ibà náà kò pa Asibi, ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó parí, ó ti pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, l'Ékòó níbí. Kòkòrò tó ti ara Asibi jáde ni Max Theiler, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn sínú ẹran ara ọmọ eku, tí wọ́n tún un gbìn sínú ti òròmọdìyẹ, ìgbà tó lé ní 200, títí ó fi gbàgbé bí wọ́n ti ń pa èèyàn. Ní 1937, ó di abẹ́rẹ́ 17D. Ní 1951, Theiler gba ẹ̀bùn Nobel. 17D yẹn náà ni wọ́n ń gún títí di òní. Kòkòrò Asibi ló wà nínú ìyẹ̀fun tí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ń yí lọ́wọ́. Ó wà láàyè.

Mi ò bú abẹ́rẹ́ náà o. Gbogbo ọmọ tí mo bí ló gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré léèyàn ń gbà á, láti 2016 ni káàdì rẹ̀ sì ti di ti títí ayé. Ẹ̀yin tí ẹ kò lo oògùn tó ń gba ọta lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ lọ gbà á. Bó bá jẹ́ hydroxychloroquine nìkan ni oògùn lupus tí ẹ ń lò, ìyẹn kì í gba ọta. Ṣùgbọ́n prednisolone tó bá tó 20 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ti gbà á. Ó kéré tán, oṣù kan gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí èèyàn bá fi í sílẹ̀ kó tó gba alààyè kankan. Methotrexate, azathioprine, mycophenolate, rituximab náà ń gba ọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òǹkà ọjọ́ tirẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé lọ dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí àtigba abẹ́rẹ́. Prednisolone tí èèyàn bá ti lò pẹ́, bó bá já a lójijì, ó lè gbé e ṣubú.

Ọ̀nà kẹta nìyí. Nínú òfin ìlera tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, dókítà tó bá rí i pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò bá ara ẹnìkan mu lè kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, kí àwọn ti ẹnu ibodè sì gbé e yẹ̀ wò. Kì í ṣe dandan kí wọ́n gbà á, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ. Ìwé yẹn àti oògùn ẹ̀fọn ni mo fi lọ. Ní ti káàdì irọ́, ẹ ò ní í ti gbàgbé èèyàn wa 125 tí wọ́n dá padà láti Johannesburg ní 2012.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ló kàn. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tèmi yìí, bí wọ́n bá ti rí lupus nínú fáìlì, wọ́n á ní, "Ẹ má gba abẹ́rẹ́ kankan." Kankan! Wọ́n rò pé ìṣọ́ra ni. Èmi ti jókòó ti obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù, òtútù àyà ń fa èémí rẹ̀ já, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló ní wọ́n sọ gbólóhùn yẹn fún òun. Òkú ni abẹ́rẹ́ òtútù àyà. Kí ló wá ń bà wọ́n lẹ́rù? Wọ́n á ní ó lè ru lupus sókè. Àwọn tó ti tọpa àwọn olùgbà fúlù àti pneumococcal tó ní lupus kò rí i pé ó ru ú sókè lọ́nà tó burú nígbà tí àìsàn náà bá wà ní ìrọ̀rùn. Àrùn àkóràn gan-an ló máa ń ru ú sókè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé bí a ṣe ń to oògùn àti abẹ́rẹ́ tẹ̀léra nígbà tí obìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó pọnmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá tiwa nìkan lẹ ń sọ. Ọmọ mi yìí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni mò ń fọ ìdí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní alààyè tí wọ́n bá kán sí i lẹ́nu ló máa pa mí. Ṣé kí n gbé e lọ àbí kí n má gbé e lọ?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ká ìwé mi sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, gbé e lọ."

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Alààyè polio àti ti rotavirus máa ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbi tí polio tí wọ́n ń gún bá ti tó, èyí tó jẹ́ òkú, òun ni wọ́n ń fún ọmọ tó wà nílé irú wa. Nílùú wa níbí, méjèèjì ni wọ́n ń fún wọn. Nítorí náà, sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó kán an. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ nápì. Ìyá ọkọ rẹ tó fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀, òun ló tọ́ sí! Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, obìnrin náà pẹ̀lú. Bí kò bá sí ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́, wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa. Measles àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n máa gún fún un nígbà tó bá pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kì í fò láti ara ọmọ wá sára ẹni tó gbé e dání. Bí ọmọ kò bá sì gbà wọ́n, olè tó ní eyín lẹ́nu ló máa gbé wálé fún ọ. Àwọn tó yí wa ká ni ògiri wa, àwa tí ọdẹ wa kò ní ọta. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí wọ́n dá àjẹsára polio dúró ní Kano ní 2003; ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé polio àdáyébá (wild polio), èyí tí kò wá látinú àjẹsára, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Mo bi í ní oògùn tó lò nígbà tó lóyún. Hydroxychloroquine ni, àti prednisolone 5. Mo ní kó fọkàn balẹ̀ nípa BCG tí wọ́n ti gún fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá lo oògùn bíi infliximab nínú oyún, ẹ sọ fún àwọn agbẹ̀bí kí ẹ tó bímọ, torí oògùn náà máa ń wọ inú ọmọ. Ní Britain, ìròyìn ọmọ kan jáde ní 2010 tí BCG pa, infliximab ni ìyá rẹ̀ lò. Oṣù méjìlá ni wọ́n ń ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi dúró níbẹ̀ báyìí kó tó gba alààyè.

Alága ti gbé ìwé ìṣẹ́jú márùn-ún sókè, ni mo bá sáré. Methotrexate: bí dókítà bá gbà, ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ fúlù. Rituximab: ẹ gba òkú nígbà tí oògùn tó kàn bá ti sún mọ́lé, kó wá tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gba oògùn náà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn lára rẹ̀, tó sì ní àkókò díẹ̀, kó gba abẹ́rẹ́ ṣáájú oògùn. Bí ajá bá bu yín jẹ, ẹ sáré: òkú ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kò sí oògùn tó ní kí ẹ kọ̀ ọ́, ẹ ṣáà dárúkọ oògùn yín, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa fi kún un.

Lẹ́yìn ìpàdé, bàbá kan, ẹni ọdún 68, gbé láílọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀ wá bá mi. Làkúrègbé ló ń bá a jà. Prednisolone 25, methotrexate. Mẹ́kà ló ń lọ. Mo ní kí wọ́n má dúró nítorí ti yírùnyírùn. Ní ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, yàtọ̀ sí oògùn wọn, ẹni tó bá ti lé ní 60 tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ewu rẹ̀ ga ju ti ọ̀dọ́ lọ. "Ẹ lọ bá dókítà yín kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ ìwé yẹn, bàbá." Wọ́n ní ọjọ́ Ajé làwọn máa lọ, àmọ́ àwọn á ti gbàgbé kó tó dìgbà yẹn. Wọ́n ya páálí prednisolone, wọ́n fún mi ní bírò. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: yírùnyírùn, òkú; yellow fever, alààyè.