Ìyá Wo Ló Bí I?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíṣìnì mi ní London níbí ni mo jókòó sí, tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, etí títì nilé mi wà.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n ya ìran àwọn baba ńlá sára pátákó: Abrahamu, Isaaki, Jakọbu, lẹ́yìn náà ọmọkùnrin méjìlá. Ọkùnrin kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Arábìnrin òyìnbó kan wá béèrè pé kí ló wà lára Bẹnjamini tó fi jẹ́ pé bí Josẹfu ṣe rí i, ńṣe ló sáré wọ yàrá lọ sunkún.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́ n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ẹ wo Jẹnẹsisi 43, ẹsẹ 29: ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Rakeli ló bí àwọn méjèèjì. Ọbàkan ni àwọn mẹ́wàá yòókù.

Ẹ fi ojú agboolé ka ìwé yẹn, ẹ ó rí i. Nígbà tí Josẹfu wà lọ́mọ ọdún 17, àwọn ọmọ Biliha àti Silipa, àwọn ẹrúbìnrin tí Jakọbu fi ṣe aya, ló ń bá da ẹran, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ bá bàbá. Ọmọ ìyàwó tí bàbá fẹ́ràn jù! Ẹni tó bá gbé ilé olórogún rí ti mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi ipá bá Dina, ọmọbìnrin Jakọbu, sùn ní Ṣekemu, ta ló yọ idà? Simeoni àti Lefi. Lea, ìyàwó Jakọbu mìíràn, ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwíjàre tí Abrahamu ṣe fún ọba Abimeleki lórí bó ṣe pe Sara ìyàwó rẹ̀ ní arábìnrin rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ agboolé ni: ọmọ bàbá mi ni, kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Mi ò ní ó dáa o.

Ti ogún ló tiẹ̀ wá mú mi jù. Ketura, ìyàwó mìíràn tí Abrahamu fẹ́, bí ọmọkùnrin mẹ́fà fún un. Kí bàbá tó kú, ó ti kó gbogbo ohun tó ní fún Isaaki, ó fún àwọn ọmọ àlè lẹ́bùn, ó sì ní kí wọ́n kọrí sí ìlà oòrùn. Nígbà tí bàbá tiwa kú, odidi ọdún kan la fi jiyàn bóyá ìdí-igi la máa fi pín in, ìyẹn iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Abrahamu arúgbó yẹn ò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

(Ti Esau àti Jakọbu nìkan ni ilẹ̀ wa ì bá yanjú kíá. Táíwò ni Esau, Kẹ́hìndé ni Jakọbu, Kẹ́hìndé ló sì lẹ̀gbọ́n. Kí ló kan ọbẹ̀ ẹ̀wà tí Esau torí ẹ̀ ta ipò àkọ́bí ńbẹ̀?)

Mo délé, mo mú bírò, mo kọ àwọn ìyá sórí ìwé: Sara, Hagari, Ketura, Rebeka, Lea, Rakeli, Biliha, Silipa. Ẹrúbìnrin ni Silipa, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ nínú gbogbo ìtàn náà, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ni mo bá yí ìwé náà padà láti kọ tiwa. Bàbá bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Mo kọ Àbẹ̀kẹ́, ìyá tó bí bàbá mi. Mo dé orí ìyàwó kẹta, ìyá tó ń fi ẹ̀kọ gbígbóná jí wa láàárọ̀, bírò mi dúró. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyáálé, n'Íbàdàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ Ìyá Ìbejì gan-an?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá Ìbejì náà ni. Àbí kí lo fẹ́ fi ṣe? Jẹ́ n bi àwọn ará ilé."

Ọjọ́ mẹ́rin rè é, wọn ò tíì pè mí padà.