Kòkòrò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bá Wí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Aràn Ẹlẹ́gùn-ún inú Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Bí mo bá ní kí ẹ dárúkọ aràn kan tí ẹ mọ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀, aràn gígùn funfun tó máa ń bá ìgbẹ́ jáde ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òun kọ́ ni mo bá wá lónìí. Èyí tí mo bá wá jọ ọ́ bí a bá wò ó láti òkèèrè, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn, àmọ́ ìwà wọn ò pa pọ̀ rárá.

Macracanthorhynchus hirudinaceus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju aràn náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní aràn ẹlẹ́gùn-ún. Láti 1781 ni Pallas, onímọ̀ ẹranko ọmọ Jámánì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Akọ rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Abo lè tó 35, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ hunjọ ní ìbú, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ni ọ̀rọ̀ wà. Orí yẹn kéré, ó ṣe róbótó, ìwọ̀ sì yí i ká ní ìlà 6, ìwọ̀ 6 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọjú sẹ́yìn bíi ti ìwọ̀ apẹja: wíwọlé rọrùn, jíjáde ni kò rọrùn.

Kò ní ẹnu, kò sì ní ìfun tirẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ, tí inú rẹ̀ sì ti lọ̀ kúnná. Nítorí náà, ibi tí oúnjẹ dídà pọ̀ sí, ìyẹn ìfun kékeré, ló ń gbé, ó sì ní láti rọ̀ mọ́ ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ á gbé e lọ. Iṣẹ́ tí àwọn ìwọ̀ yẹn ń ṣe nìyẹn. Aràn gígùn kàn wà nínú ìfun lásán ni, kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin alápatà, ẹ fi ọwọ́ fà á wò. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, aràn gígùn ni. Bí ìfun bá fẹ́ bá a wá, ẹ ti rí ẹlẹ́gùn-ún.

Odò ẹran ni a sì ti sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà nínú agbo kan. Ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lè má rí nǹkan kan, torí pé bí aràn náà kò bá pọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á máa jẹ, á máa mu. Ìgbà tó bá pọ̀ ni ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn, tí inú á máa run ún. Alápatà ní tirẹ̀ á rí kókó líle-líle lára ẹ̀yìn ìfun, níbi tí aràn ti gún un láti inú, tí ara ẹran sì ti mọ odi yí i ká. Irú ìfun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò fún awọ sọ́séèjì mọ́. Èyí tó burú jù ni pé nígbà mìíràn, ẹlẹ́gùn-ún a máa lu ìfun já pátápátá. Ohun tó wà nínú ìfun á dà sínú ikùn, ẹlẹ́dẹ̀ á sì kú lójijì, olówó rẹ̀ á ní àwọn ọ̀tá ló fún un ní májèlé.

Báwo ló ṣe dé inú ẹlẹ́dẹ̀? Abo kan lè yé ẹyin 260,000 lóòjọ́, á sì máa yé e fún oṣù mélòó kan. Ìgbẹ́ á kó ẹyin náà jáde. Èèpo ẹyin yìí nípọn débi pé ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ó má kú. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ ẹyin yẹn báyìí, kò sóhun tí yóò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ìdin kòkòrò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹyin náà: ìdin yímíyímí, ìdin ọ̀bọ̀n-ùnbọ̀n-ùn àti àwọn ẹbí wọn tó ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́. Nínú ìdin yìí ni ọmọ aràn á ti dàgbà fún bí oṣù mẹ́ta. Bí ìdin bá di kòkòrò tó ń fò, ọmọ aràn á bá a fò. Ẹlẹ́dẹ̀ sì rèé, ẹran tí inú rẹ̀ kì í dùn àfi bó bá ń fimú tú ilẹ̀. Á jẹ ìdin náà tàbí kòkòrò náà, lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹyin tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bí ẹ bá wá pè mí pé kí n wá fún ẹlẹ́dẹ̀ yín lóògùn, màá wá. Levamisole àti ivermectin ti ṣiṣẹ́ fún un, oníṣègùn ẹranko ni kó sì wọn iye tó yẹ. Àmọ́ bí ẹran yín bá padà sórí ilẹ̀ tó kún fún ìdin lọ́la, owó yín ni ẹ jó. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló dára jù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ní Èkó àti Ògùn ló ti ń lò ó, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n mo máa ń rí òkìtì ìgbẹ́ lẹ́yìn ògiri ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan náà. Ilé ọmọ ni ẹ kọ́ fún yímíyímí yẹn! Ẹ gbé ìgbẹ́ jìnnà, ẹ kó o jọ kí ó gbóná, kí ó jẹrà dáadáa. Iná mànàmáná tí ẹ ń tàn lórí agbo lóru náà, ẹ yí i padà, torí ó ń pe kòkòrò wọlé. Àwọn kan ń fi òrùka sí imú ẹlẹ́dẹ̀ kí ó má bàa tú ilẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn. Ó ń dun ẹran, kò sì ní dí i lọ́wọ́ láti jẹ kòkòrò tó bà síwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń yẹ ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ wò, ẹ má gbọ́kàn lé omi iyọ̀ tí ẹ fi ń mú ẹyin aràn léfòó. Ẹyin èyí wúwo. Ẹ jẹ́ kó rì, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti wá a. Bó bá sì jẹ́ pé akọ nìkan ló wà nínú ẹran, ẹ ò ní rí ẹyin kankan.

Ẹbí aràn yìí pọ̀, ju ẹgbẹ̀rún oríṣi lọ, kò sì sí ọ̀kan tí kì í gba ara ẹ̀dá kékeré kan kọjá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Polymorphus paradoxus, tó ń gbé inú pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀dá kékeré tó jọ edé, tó ń gbé inú omi aláìníyọ̀, ló ń gbé ọmọ rẹ̀. Ní 1973, Bethel àti Holmes jábọ̀ láti Kánádà pé èyí tí kò ní aràn máa ń sá fún ìmọ́lẹ̀, á sì rì sínú ẹrẹ̀ bí ewu bá dé. Èyí tó ní aràn á gòkè wá sójú omi, á rọ̀ mọ́ ewéko, á sì dúró gbọn-in kí pẹ́pẹ́yẹ wá gbé e jẹ.

Arákùnrin kan tó ń sin ẹja bi mí bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan òun. Ó kàn án. Ní agbègbè Amazon ní Brazil, irú rẹ̀ kan, Neoechinorhynchus buttnerae, ti dá àwọn tó ń sin ẹja tambaqui lágara. Ẹja náà ò kú, kò kàn dàgbà mọ́ ni, oúnjẹ sì ń lọ lásán. Ẹ̀dá oníkarahun tíntìntín inú omi ló ń gbé e kiri. Bí ẹ bá ti kó ẹja tán, ẹ fa omi adágún gbẹ kí ẹ tó da ọmọ ẹja mìíràn sí i.

Ìyá kan wá béèrè bóyá ó lè ran èèyàn. Ó lè ran èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ní China, ó ti mú àwọn ọmọdé tó jẹ kòkòrò tí kò jiná. Irú mìíràn, Moniliformis, tó jẹ́ ti eku, tí aáyán ń gbé kiri, ti mú èèyàn ní Nàìjíríà náà. Ní 1888, Calandruccio, ará Ítálì, mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ aràn Moniliformis yìí mì kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe òun; inú run ún, ó ṣu gbuuru, etí rẹ̀ sì ń hó. Ìyá náà ò tíì jókòó: ìdin tí à ń wá nínú igi ọ̀pẹ jíjẹrà ńkọ́, tí à ń yan jẹ? Òmíràn nínú wọn jẹ́ ẹbí yímíyímí. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, Mọ́mì, ẹ ṣáà jẹ́ kí ó jiná dé inú, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ ẹ́ ní tútù níbi tí wọ́n ti ń gé igi.