Ta Ló Wálé? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Orúkọ Tí A Ń Gé Lórí

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó pé jọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo dúpẹ́. Ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo kọ́kọ́ ní kí gbogbo Wálé tó wà nínú gbọ̀ngàn dìde. Mẹ́fà dìde. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló wálé. Ọ̀kan ní adé ni, ọ̀kan ní ọlá ni. Ẹ̀kẹta ní Akínwálé, ẹ̀kẹrin ní Ògúnwálé. Ẹ̀karùn-ún rọra sọ pé Ifáwálé ni bàbá àgbà sọ òun, ṣùgbọ́n kò sí nínú sátífíkéètì òun. Ẹ̀kẹfà kò mọ̀. Wálé ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀, ó parí.

Ẹ wò ó: ọkùnrin mẹ́fà, ilé mẹ́fà, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló sọ gbogbo wọn di ẹnì kan. Orí orúkọ la gé jù, orí ọ̀hún sì ni ilé. Adé ń wí pé ilé ọba ni. Ògún ń wí pé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ ni. Ifá, ilé babaláwo. Àyàn, ilé onílù. Ọ̀jẹ̀, ilé eégún. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, orí orúkọ sì ni àwọn àgbà fi ilé náà pamọ́ sí. Gbólóhùn ni orúkọ Yorùbá. Nígbà tí ẹ bá pe ọmọ ní Wálé, gbólóhùn tí kò ní olùwà, tí kò sọ ẹni tó ṣe nǹkan náà, lẹ fi ń pè é. Ọmọ ìwé tó bá kọ irú rẹ̀ nínú ìdánwò, ẹ̀yin olùkọ́ yìí náà lẹ máa fi pupa fà á.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo Kofi Annan, ọmọ Gánà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 sí 2006. Kofi ni ọmọkùnrin tí a bí lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì sì ni 8 oṣù kẹrin ọdún 1938 tí wọ́n bí i. Ó tún ń jẹ́ Atta, nítorí ìbejì ni. Ẹni tó bá gbọ́ Akan, èdè Gánà tí orúkọ náà ti wá, ti mọ ìtàn ìbí rẹ̀ kó tó lanu. Gambo ni Hausa ń pe ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú tiwa gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin Thomas ńkọ́? Ìbejì lorúkọ yín ní èdè Árámáíkì, mo sì mọ Thomas mélòó kan ní ìlú yìí tí wọn ò ní ìkejì.

Àwọn Hébérù ló sún mọ́ wa jù, torí gbólóhùn ni tiwọn náà. Nígbà tí àwọn Filísínì gba àpótí ẹ̀rí Ọlọ́run lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, tí Fíníhásì ọmọ Élì àlùfáà sì kú sójú ogun, ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó sọ ọ́ ní Íkábódù: ògo ti lọ. Ká ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, Babárímisá ni ì bá máa jẹ́. Dáníẹ́lì ni “Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi.” Míkẹ́lì ni “Ta ló dà bí Ọlọ́run?” “Ẹ́lì” tó wà nírù rẹ̀ yẹn ni Ọlọ́run. Òyìnbó wá gé e di Mike. Kí ló kù? “Ta ló dà bí.” Wọ́n ń gé ìrù, àwa ń gé orí.

Àwọn kan ò gé orí ní tiwọn, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ifá di Olú, Ògún di Jésù. Wọ́n ní orúkọ òrìṣà ń fa ọmọ sẹ́yìn. Kí wọ́n ṣí Bíbélì ọwọ́ wọn. Àpólò, ọlọ́rọ̀ dídùn inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18, orúkọ Apollo òrìṣà Gíríìkì ló wà lára tirẹ̀. Marduk, òrìṣà Bábílónì, ló wà nínú orúkọ Módékáì inú ìwé Ẹ́sítérì. Pọ́ọ̀lù bá Àpólò ṣiṣẹ́, kò ní kó lọ pààrọ̀ orúkọ. Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń ka ìwé yìí, ṣé a fo ibẹ̀ ni?

Ibí ni alága ti na aago sí mi. Mo sáré sọ pé bí a ṣe ní Kòsọ́kọ́ àti Málọmọ́ fún àbíkú, bẹ́ẹ̀ ni Akan ní Sumina, ààtàn, kí ikú má bàa fẹ́ ọmọ náà. Oríkì, mo fò ó.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ìlú wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n gé òun náà?” Gbọ̀ngàn hó. Òótọ́ ló sọ: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló sún kì di Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní n kò bá ìsúnkì jà. Ọmọ ọdún méje ní ìlú yìí lè sọ orí ẹni tí Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ìlú náà dó, gbé fún Aláàfin. Ìtàn yẹn kò sọnù.

Kò jókòó. Ó ní “wùmí” nìkan ló wà nínú ìwé òun. Bàbá òun ló mọ ohun tó wù ú, bàbá sì ti kú. “Sà, bí orí bá ti sọnù, ibo la ti ń wá a?”

Mo pa ìwé mi dé. Ọlá lè wu ni, ọmọ lè wu ni, Ifá lè wu ni. Oyè náà ńkọ́, bíi ti Ọba Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tó wàjà ní 2021. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kì í nílé. Ó ní ìyá bàbá òun ṣì máa ń kí òun ní ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí.

Ilé ológun! Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ogun, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ Akin, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló lè parí rẹ̀, kó lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Oríkì tí mo fò ló wá gba gbogbo àkókò tó kù. Nígbà tí a fi máa jáde, Wálé kẹfà ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.