Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ Tó Tún Yọjú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ fojú inú wo ẹ̀dọ̀ kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò. Ẹ wá wo apá òsì: kókó kékeré kan ti tún yọjú. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà kò mọṣẹ́. Nínú ènìyàn 10 tí wọ́n gé e fún, ó lè padà sára bíi 7 láàárín ọdún 5.

Bó bá padà kí ọdún 2 tó pé, èérún ti àkọ́kọ́ tí ojú kò rí ló sábà máa ń fà á. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ tuntun pátápátá, torí ilẹ̀ tó mú ti àkọ́kọ́ hù ṣì wà níbẹ̀: ẹ̀dọ̀ tí hepatitis (àrùn tí kòkòrò ń fà sẹ́dọ̀) tàbí ọtí ti bà jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi wo kókó nìkan. Ẹ̀dọ̀ tó kù ńkọ́? Ṣé ẹyinjú ò pọ́n bí ìyeyè, ṣé omi ò gbára jọ síkùn? Bó bá ṣì lágbára, wọ́n lè tún un gé. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, wọ́n lè ti abẹ́rẹ́ gbọọrọ bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ooru sè é jinná níbi tó wà. Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń mú jẹjẹrẹ àti ilẹ̀ rẹ̀ lọ pọ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n máa fi pààrọ̀ ṣọ̀wọ́n.

TACE, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ jẹjẹrẹ pa, ló máa ń dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń gba ọ̀dọ̀ ìfun wá, ìyókù ń bọ̀ tààrà láti ọkàn. Ọ̀nà ti ọkàn yìí ni jẹjẹrẹ fi ń jẹun. Dókítà á ti rọ́bà tín-ín-rín bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láti itan, títí dé ẹnu kókó, á da oògùn sí i, á sì dí ọ̀nà náà pa. Ebi á máa pa jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀ á ṣì máa rí ti ìfun jẹ.

Bí jẹjẹrẹ bá ti jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀, oògùn tó ń káàkiri ara ló kàn. Sorafenib, oníhóró, ti wà fún un láti 2007. Láti 2020, wọ́n ń fa atezolizumab àti bevacizumab pọ̀ sára: ọ̀kan ń tú àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, èkejì ń dá iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí jẹjẹrẹ ń là dúró. Bevacizumab lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà, torí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun dé àpò oúnjẹ.

Ẹni tó ní hepatitis B, ẹ má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró torí pé wọ́n ti gé kókó. Kókó ni wọ́n gé, kòkòrò náà ṣì wà lára.