Ìtàn Tí Wọ́n Fi Owó Rà: Ìṣẹ́ àti Ìwé Ìgbélùú Nínú Fíìmù Souleymane

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé yín fún ìjókòó yìí ní Ìlọrin, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni L'Histoire de Souleymane (Ìtàn Souleymane), èyí tí Boris Lojkine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, darí, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Cannes ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan péré ni ó sì sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Guinea kan ń gun kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ìlú Paris, ó sì ń múra de ọjọ́ tí ìjọba yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fún ní ibi ìsádi. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ọmọ yìí ń lò tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn, títí kan ìtàn ayé ara rẹ̀, àti pé owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin Faransé, ẹni tí ó wá tọrọ ibi ìsádi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìgbà náà pàápàá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba. Ebi kì í dúró de oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, Souleymane yá àkáǹtì tí ọkùnrin ará Kamẹrúùnù kan tí ó ní ìwé ìgbélùú ṣí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń gbé oúnjẹ kiri. Orúkọ ọkùnrin yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni owó kọ́kọ́ ń dé, ìgbà tí ó bá sì wu ọkùnrin yẹn ni yóò tó yọ èyí tó kù fún un. Lójijì, fóònù a ní kí ó ya fọ́tò ojú ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ lè mọ̀ pé olówó àkáǹtì gan-an ló wà lórí kẹ̀kẹ́. Ojú tirẹ̀ kọ́ ni fóònù náà mọ̀. Ó di dandan kí ó pa iṣẹ́ tì, kí ó wa kẹ̀kẹ́ lọ bá olówó àkáǹtì, kí ìyẹn gba fóònù, kí ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, kí ó sì dá a padà bí ẹni tí ó ṣe é lóore. Àwọn ọlọ́kadà wa tí wọ́n ń ná ojú ọ̀nà Tanke, tí wọ́n ń san owó ojoojúmọ́ fún olówó ọ̀kadà yálà èrò wà tàbí kò sí, yóò tètè lóye irú àdéhùn yìí. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà Ìlọrin tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, nígbà tí Souleymane kò ní ibi tí yóò fẹjọ́ sùn, nítorí tí ó bá la ẹnu, àṣírí ara rẹ̀ ni ó tú.

Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Lálẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì tí ń kó àwọn aláìnílé lọ síbi tí wọ́n ń sùn, ìta sì ni yóò sùn tí bọ́ọ̀sì náà bá lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti ń pe nọ́ńbà 115, kí ó lè rí bẹ́ẹ̀dì gbà fún alẹ́ tí ń bọ̀. Kámẹ́rà kò fi í sílẹ̀ nínú gbogbo eré yìí. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà láàárín ọkọ̀ gidi ní títì, débi pé àwa tí a jókòó ń wò ó ni ọkàn wa ń fò sókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni ti Barry, ọmọ ilẹ̀ Guinea ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó fi títa ìtàn ṣe iṣẹ́. Barry ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba: pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò ni òun, pé ìjọba wó ilé àwọn ènìyàn, òun sì bá wọn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n mú òun, wọ́n sì ti òun mọ́lé. Souleymane ń ka ìtàn náà sórí bí ó ti ń wa kẹ̀kẹ́ lọ, bí ọmọ kéwú ṣe ń ka wàláà rẹ̀. Ìwé tí yóò fi ti ìtàn náà lẹ́yìn wà lọ́wọ́ Barry, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí owó bá pé. Kí owó lè pé ni ó fi ń sáré lọ bá olówó àkáǹtì, olówó àkáǹtì kò sì dá a lóhùn.

Èé ṣe tí ẹni tí ìyà ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ fi ní láti ra ìyà ẹlòmíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951. Ẹni tí àdéhùn náà kà sí ogúnléndé ni ẹni tí ó sá kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù inúnibíni, tí inúnibíni náà sì jẹ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ó ti wá, ẹgbẹ́ kan láwùjọ tí a kà á mọ́, tàbí èrò rẹ̀ nípa òṣèlú. Ìṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà fẹ àlàyé yìí lójú ní Addis Ababa, wọ́n fi àwọn tí ogun tàbí rúkèrúdò ńlá lé kúrò nílé kún un. Síbẹ̀, wọn kò dárúkọ ìṣẹ́.

Ọdún 1969 yẹn kan náà kò ṣàjèjì sí àwa ará Kwara. Ní oṣù Kọkànlá rẹ̀ ni ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó kúrò nílùú, àwọn ènìyàn wa láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin àti láti ilẹ̀ Ìgbómìnà sì wà lára àwọn tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọn ká. Òwò ni ó gbé wọn dé Kùmásì àti Tamale. Nígbà tí wọ́n ń lọ, kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n pe òwò ní ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó lè wọ̀lú. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé nígbà tí ó yí kan Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gáná jáde bákan náà, a sì fi orúkọ wọn pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù lọ, à ń pè é bẹ́ẹ̀ di òní.

Ọ́fíìsì ni ìran tó gbẹ̀yìn fíìmù náà ti wáyé. Obìnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Souleymane ka ohun tí ó kọ́ sórí. Obìnrin náà fi yé e pé irú ìtàn yìí gan-an ni òun ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn. Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó fi owó rà ti wó lulẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó wá sọ tirẹ̀: ìyá tí orí rẹ̀ dàrú tí baba sì lé jáde, ọmọ tí ó kúrò nílé láti wá owó ìtọ́jú rẹ̀, ìyà tí ó jẹ ní Libya, àti òkun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó bọ́ sínú ohun márùn-ún tí àdéhùn 1951 kà sílẹ̀. Fíìmù náà parí láìsọ ohun tí ìjọba pinnu. Inú mi dùn sí i pé kò sọ ọ́, nítorí tí wọ́n bá fún un ní ìwé, a óò rò pé òtítọ́ tó fún ìdáláre, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Àríwísí kan ni mo ní: ìyá náà, tí gbogbo ìrìn àjò yìí dá lé lórí, àárín ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni a ti pàdé rẹ̀.

Abou Sangaré tí ó ṣe Souleymane kì í ṣe òṣèré tẹ́lẹ̀. Ọmọ Guinea ni òun náà, ó ń gbé ní Amiens, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́, ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá inú fíìmù náà sì ní gbòǹgbò nínú ìgbésí ayé tirẹ̀. Cannes fún un ní àmì-ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ ní ìsọ̀rí Un Certain Regard, nígbà tí ìjọba kò tíì fún un ní ìwé ìgbélùú tí ó ti ń tọrọ. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n tó fún un ní ìwé ọdún kan, ní oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni fíìmù náà gba mẹ́rin nínú àmì-ẹ̀yẹ César, èyí tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, tí àyè ìbéèrè sì ṣí, bàbá kan bi mí bóyá irú fíìmù yìí kò ní kọ́ àwọn ọmọ tí ń wá ọ̀nà àtijápa ní irọ́ pípa. Mo ní kí wọ́n bá mi wò ó pé irọ́ náà kò ṣe Souleymane ní àǹfààní kan, gbèsè ni ó kó bá a. Màmá kan láti apá Èkìtì ní Gúúsù Kwara sì béèrè nípa àwọn àgbẹ̀ tí ajínigbé lé kúrò lóko, tí wọ́n wá forí pamọ́ sílé ẹbí: ṣé ogúnléndé ni wọ́n? Lábẹ́ àdéhùn 1951, rárá, nítorí wọn kò kọjá ẹnubodè. Àdéhùn Kampala ti ọdún 2009, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 2012, ni ó dárúkọ irú wọn, tí ó sì gbé ìtọ́jú wọn lé ìjọba orílẹ̀-èdè wọn lọ́wọ́. Màmá náà ní ọ́fíìsì wo ni kí àgbẹ̀ náà lọ, mo sì dárúkọ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogúnléndé àti àwọn tí wàhálà lé kúrò nílé. Màmá náà tún bi mí bóyá ìṣẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà yóò sọ pé ó lé àgbẹ̀ náà ni àbí ìbọn, nítorí nígbà tí kò lè dé oko mọ́, méjèèjì ti di ọ̀kan. Ìbéèrè yẹn ni ìjókòó wa tí ń bọ̀ yóò gbé yẹ̀ wò.