Koríko Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kó Yó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Old Course ní St Andrews

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo pápá tó wà lójú yín yìí dáadáa. Koríko rẹ̀ kò tutù yọ̀yọ̀. Ó ti pọ́n lọ́wọ́ kan. Ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun. Kò sí igi láàárín rẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí adágún omi tí wọ́n gbẹ́ fún ẹwà. Bí ẹnì kan bá ní òun ń mú yín lọ wo pápá gọ́ọ̀fù tó lókìkí jù lọ láyé, tó wá gbé yín dé ibí, ẹ lè rò pé ó ti ṣìnà. Àmọ́ òun náà rèé: Old Course, ní ìlú St Andrews, etíkun ìlà-oòrùn Scotland. Ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n ń pè ní The Open, ti 2022, ni ó jẹ́ ìkọgbọ̀n irú rẹ̀ tí wọ́n gbá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó gba ife kọ́ la bá wá lónìí. Ilẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ yẹ̀ wò. Ta ló ya á? Kí ni wọ́n ń ṣe sí i tí kò fi bàjẹ́ láti ìgbà yìí wá? Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ya á, díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀ pé àwòrán ni àwọn ń yà.

Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òkun fà sẹ́yìn láyé àtijọ́, ó fi iyanrìn sílẹ̀, atẹ́gùn sì gbá a jọ ní òkìtì-òkìtì. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá oko sí, ni àwọn ará ìlú bá fi sílẹ̀ fún àgùntàn, fún ehoro, àti fún eré. Òjò kì í dúró lójú rẹ̀; kó tó pẹ́, omi ti rì. Koríko tó lè fara da irú ilẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní fescue, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ jìn wọlẹ̀. Ẹnu àgùntàn àti ti ehoro ló kọ́kọ́ ń gé e mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀rọ ìgékoríko. Àwọn ihò iyanrìn tí wọ́n ń pè ní bọ́ńkà ńkọ́? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àgùntàn ló ń forí pamọ́ síbẹ̀ fún atẹ́gùn, tí ara wọn ń ha koríko kúrò. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ibi kòtò ni bọ́ọ̀lù gbogbo ènìyàn ń yí lọ. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù gbẹ́ koríko ibẹ̀ títí ó fi ṣí, atẹ́gùn sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Eré náà ti pẹ́ nílẹ̀ yẹn. Ní 1457, ilé ìgbìmọ̀ Ọba James Kejì fi òfin de gọ́ọ̀fù ní Scotland nítorí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń pa ìdánrawò ọfà tì. Ní 1552, bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton fọwọ́ sí ìwé kan tó fún un láyè láti máa sin ehoro lórí ilẹ̀ náà, tó sì gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú ni láti máa gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ehoro yẹn sọ́kàn. Nígbà tí gbèsè wọ ìlú lọ́rùn ní 1797, wọ́n gbé ilẹ̀ náà fún àwọn oníṣòwò ehoro, ehoro sì gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Ìjà dé ilé ẹjọ́. Ó di 1821 kí agbágọ́ọ̀fù onílẹ̀ kan, James Cheape, tó ra ilẹ̀ náà tó sì fi í sílẹ̀ fún eré. Òfin 1894 ló wá dá a padà sọ́wọ́ ìlú, títí dòní ni ó sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Iye ihò tí gbogbo ayé ń gbá bọ́ọ̀lù sí nínú pápá kan, 18, níbẹ̀ náà ló ti wá. Tẹ́lẹ̀, 22 ni wọ́n ń gbá: 11 ní àlọ, 11 ní àbọ̀. Ní 1764, wọ́n rí i pé ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrú jù, wọ́n sọ wọ́n di méjì. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n sì ń gbà bọ̀, nítorí náà méjì dín ní àlọ, méjì dín ní àbọ̀, ni 22 bá di 18. Kò sí ìran, kò sí ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Ikoyi Club ní Èkó lọ́la, ihò 18 lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà wo ó láti òkè. Ṣé ẹ rí gríìn tó gbòòrò yìí, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù lọ yí ihò ká, tí àsíá méjì wà lórí rẹ̀? Nígbà tí èrò pọ̀, àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ ń pàdé níbi ihò kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù ń fò kọjá létí ara wọn. Ni wọ́n bá fẹ gríìn náà, wọ́n gbẹ́ ihò kejì sí i. Gríìn méje ló jẹ́ alájọni báyìí, mẹ́rin péré ló dá wà. Gríìn 11 fún ihò 18. Àsíá funfun jẹ́ ti àwọn tó ń lọ, pupa jẹ́ ti àwọn tó ń bọ̀. Ẹ ro nọ́ńbà àwọn ihò tó jọ ń lo gríìn kan pọ̀: 2 àti 16, 3 àti 15, 5 àti 13. Ó ń jẹ́ 18 nígbà gbogbo. Èyí tí 5 àti 13 jọ ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ní láti kíyè sí i.

Fífẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ yìí tún mú nǹkan mìíràn wá. Ó ṣeé gbá yíká láti ọ̀tún, ó sì ṣeé gbá láti òsì. Nígbà kan, wọ́n máa ń pààrọ̀ ọ̀nà méjèèjì, ọ̀sẹ̀ yìí báyìí, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyẹn ló fà á tí àwọn bọ́ńkà kan fi wà níbi tí kò bọ́gbọ́n mu lójú àlejò: ẹ ò ní rí wọn títí bọ́ọ̀lù yín fi máa já sínú wọn, nítorí ẹni tó ń ti òdìkejì bọ̀ ni wọ́n kọjú sí.

Ó tó àkókò kí n dárúkọ baba tó tún pápá náà ṣe wàyí. Tom Morris, tí wọ́n ń pè ní Old Tom, ọmọ ìlú St Andrews ni. Ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní pápá Prestwick, ní Scotland náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pè é wálé láti wá ṣe olùtọ́jú pápá ní 1865. Ó gba The Open nígbà mẹ́rin, tó kẹ́yìn nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 46, kò sì tíì sí àgbà tó gba á jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ká má fi ife bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipò tí ó bá pápá náà kò dára. Òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Leith ní 1744, tí St Andrews náà tẹ̀ lé, ní kí ẹni tó bá parí ihò kan gbé bọ́ọ̀lù fún èyí tó kàn ní ìwọ̀n ọ̀pá kan sí ihò náà. Ẹ fojú inú wò ó: orí gríìn gan-an ni wọ́n ti ń la ọ̀pá mọ́lẹ̀! Wọn ò tíì ní igi kékeré tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé, nítorí náà inú ihò ni wọ́n ti ń bu iyanrìn tí wọ́n ń fi mọ òkìtì fún un. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ihò ti jìn jù. Old Tom ya ibi ìgbábọ̀ọ́lù sọ́tọ̀ kúrò lórí gríìn, ó ṣe gríìn tuntun fún ihò 1 àti 18, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn lé koríko.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní Prestwick, kẹ̀kẹ́ iyanrìn kan dà sílẹ̀ lórí gríìn mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó sì ṣe, ibẹ̀ gan-an ni koríko ti dára jù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá àdàpọ̀ ìtàn ni, iṣẹ́ tí iyanrìn ń ṣe dá mi lójú. Ewé àti gbòǹgbò tó kú máa ń kó jọ lábẹ́ koríko ààyè, á di ìpele kan tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Omi á dúró sínú rẹ̀, àrùn á wọlé, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ á rì. Iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fọ́n lé e á wọ àárín ìpele yẹn, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi kọjá, á sì tẹ́jú àwọn kòtò wẹ́wẹ́. Gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Old Tom sí Honeyman, igbákejì rẹ̀, kò ju pé kó bu iyanrìn sí i. Títí dòní, iṣẹ́ yẹn ṣì ni wọ́n ń ṣe, pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù la dé yìí. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín. Ajílẹ̀ ni àgbẹ̀ ń wá. Níbí, ajílẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Bí ẹ bá bọ́ koríko yìí yó, tí ẹ ń bomi rin ín lójoojúmọ́, kì í ṣe fescue ló máa jàǹfààní rẹ̀. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní Poa annua. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ó fẹ́ràn omi, ó fẹ́ràn ilẹ̀ ọlọ́ràá, ó sì ń so irúgbìn bó ti wù kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ tó. Bó bá ti ráyè wọlé, òǹgbẹ rẹ̀ ló máa pàṣẹ fún yín. Ẹ bomi fún un kó má kú, omi náà a sì tún mú kó pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìdí tí wọ́n fi ń febi pa koríko nìyẹn. Wọ́n á fún un ní ajílẹ̀ díẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ, kí wọ́n tó fún un ní omi tí kò ní í jẹ́ kó kú. Àwọ̀ pípọ́n tí ẹ rí níbẹ̀rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ilẹ̀ tó gbẹ á le. Bọ́ọ̀lù tó bá já sórí ilẹ̀ líle kì í dúró. Á fò, á yí, á tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ bá dà sí. Ìgbà yẹn ni gbogbo òkìtì àti kòtò ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi rọ ilẹ̀ kan náà, bọ́ọ̀lù á máa lẹ̀ mọ́ ibi tó bá já sí, gbogbo gbágungbàgun yẹn á sì di ọ̀ṣọ́ lásán. Alister MacKenzie, ayàwòrán pápá gọ́ọ̀fù, tó ya máàpù Old Course ní 1924, mọ èyí dáadáa. Òun àti agbágọ́ọ̀fù Bobby Jones ni wọ́n jọ ṣe pápá Augusta National ní Georgia, St Andrews sì wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwòrán Augusta lórí tẹlifíṣọ̀n, tó tutù minimini, ló sọ ọ̀pọ̀ onípápá káàkiri ayé di ẹni tó ń da omi àti kẹ́míkà lé ilẹ̀ wọn lórí.

Ẹ wo bọ́ńkà ihò 17 yìí, Road bunker. Gríìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra dà sínú rẹ̀. Nínú The Open 1978, agbágọ́ọ̀fù Tommy Nakajima ti dé orí gríìn. Ó rọra ti bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí wọ bọ́ńkà, ó gbá a títí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó kúrò ní ihò tó yẹ kó fi mẹ́rin parí. Àmọ́ ní 2000, Tiger Woods gbá ihò 72, ìyẹn yíká pápá nígbà mẹ́rin, láìwọ ọ̀kankan nínú bọ́ńkà 112 tó wà níbẹ̀, iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù sì fi 8 dín sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ògiri bọ́ńkà wọ̀nyí kì í ṣe bíríkì. Koríko tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ni wọ́n gé ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò léra wọn. Oòrùn, atẹ́gùn àti ẹsẹ̀ ènìyàn á jẹ ẹ́ tán láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n á sì tún un mọ. Nígbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, nítorí koríko kì í yára hù nígbà yẹn. Ní àkókò òtútù náà ni wọ́n ń ní kí àwọn tó ń gbá ní fairway, ojú ọ̀nà koríko tó lọ sí gríìn, gbé bọ́ọ̀lù wọn lé ẹní kékeré kan, kí ọ̀pá má baà gbẹ́ ilẹ̀ tí kò lè tètè san.

Wọn kì í fi ìkánjú gé gríìn kúrú jù, nítorí atẹ́gùn. Ní Sátidé ìdíje 2015, atẹ́gùn ń ti bọ́ọ̀lù tó ti dúró lórí gríìn 11. Wọ́n dá eré dúró fún ju wákàtí 10 lọ, ìdíje sì wọ ọjọ́ Ajé.

Gbogbo àtúnṣe kọ́ ló ń bọ́ sí i o. Ní òpin 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ Road bunker, wọ́n tún apá kan gríìn 11 ṣe, wọ́n dí kòtò kan ní fairway ihò 7. Ariwo sọ. Lójú tèmi, ti gríìn 11 ṣeé gbèjà nítorí atẹ́gùn tí mo sọ yẹn, ṣùgbọ́n kòtò fairway yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní 2023 ni ti afárá Swilcan, afárá òkúta kékeré tí àwọn darandaran ìgbàanì ń gbà kọjá. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò ti pa koríko ẹnu rẹ̀ run, ni wọ́n bá fi òkúta tẹ́ ibẹ̀ roboto bí ẹ̀yìnkùlé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ jáde, wọ́n ká òkúta náà kúrò, wọ́n sì dá koríko padà.

Ọjọ́ Àìkú ni pápá náà ń sinmi. Ó máa ń wà ní títì fún gọ́ọ̀fù àyàfi bí ìdíje ńlá bá wà. Old Tom ló fi ọwọ́ líle mú un: bí ẹ̀yin agbágọ́ọ̀fù kò bá fẹ́ sinmi, ilẹ̀ fẹ́. Àwọn ará ìlú á wá mú ajá rìn lórí fairway, ọmọdé á máa sáré kọjá afárá. Bí ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ lè fi orúkọ sínú ìbò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì máa retí bóyá orúkọ yín á jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ líle yẹn wò, ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.